Ṣé awò awọ̀nàjíjìn kékeré lè rí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá níwájú ìràwọ̀ mìíràn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, mo kí yín o. Mo ní awò awọ̀nàjíjìn kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní mọ́tò tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀ bó ṣe ń rìn lójú ọ̀run, mo sì so kámẹ́rà mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dojú rẹ̀ kọ HD 209458, ìràwọ̀ kan nínú àkójọ ìràwọ̀ tí à ń pè ní Pegasus, tí a mọ̀ pé ó ní pílánẹ́ẹ̀tì, fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó tún gòkè padà. Ṣé pílánẹ́ẹ̀tì náà ni mo rí ni, àbí mo kàn ń tan ara mi jẹ?

Awòràwọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́:
Àbúrò, pílánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò lè kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí mẹ́rin. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ ni pílánẹ́ẹ̀tì náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HD 209458 b, fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ìkọjá rẹ̀ níwájú ìràwọ̀ náà sì máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lásán kò rí ni mo fura sí.

Ohun tí ò ń wá kéré púpọ̀. Ká ní ìràwọ̀ náà jẹ́ àwo pẹrẹsẹ, fífẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì yẹn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ fífẹ̀ àwo náà lọ, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni yóò bò lójú rẹ̀, ìyẹn ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Èéfín tàbí ọyẹ́ lè gba ju ìyẹn lọ láì jẹ́ kí o mọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í wọn ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Wá ìràwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú àwòrán kan náà tí ìmọ́lẹ̀ wọn sún mọ́ tirẹ̀, kí o sì máa fi tirẹ̀ wé tiwọn láti àwòrán dé àwòrán. Bó bá jẹ́ ìkùukùu, gbogbo wọn ni yóò jọ wọlẹ̀. Bó bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, tirẹ̀ nìkan ni yóò wọlẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ AstroImageJ lè bá ọ ṣe ìṣirò náà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun mìíràn wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lẹ́nu: má ṣe jẹ́ kí ìràwọ̀ náà mú ṣáṣá nínú kámẹ́rà. Yí ohun tó ń mú kí àwòrán ṣe kedere díẹ̀ kí ìràwọ̀ fẹ̀ bí òrùka kékeré, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè tàn ká púpọ̀ nínú àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lára kámẹ́rà, nítorí pé ojú tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ kò lè ka iye tó tọ́ mọ́. Bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìkọjá, kí o sì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, kí o lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà wà kó tó wọlẹ̀. Oṣù October sí November ló dára jù fún wa níbí, torí pé òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì le, ìràwọ̀ yẹn sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn wá látàrí nírọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ awò náà. Bí ìràwọ̀ bá ti ré kọjá àárín ọ̀run, irú ẹsẹ̀ tèmi gbọ́dọ̀ yí sí òdìkejì, àwòrán á sì dorí kodò. Lọ́jọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, orí òjìji eruku kan nínú kámẹ́rà ni ìràwọ̀ náà bọ́ sí, ìlà ìmọ́lẹ̀ mi sì já wálẹ̀ lójijì bí àtẹ̀gùn. Mo ti jí ọkọ mi pé kó wá wo pílánẹ́ẹ̀tì! Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ gbàgbé láti ya àwòrán aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ tàn sí dọ́gbadọ́gba, kí n lè fi yọ òjìji eruku kúrò nínú àwòrán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti padà wọn ìràwọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn náà sì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkùukùu ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn awò awọ̀nàjíjìn ńlá bíi Hubble àti James Webb wà lókè nínú òfuurufú, kí ni ìwúlò tiwa?

Awòràwọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́:
Awò tí ẹnu rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ni onímọ̀ ìràwọ̀ David Charbonneau àti àwọn alájọṣe rẹ̀ fi rí ìkọjá pílánẹ́ẹ̀tì yìí kan náà lọ́dún 1999, nítorí náà má fojú kéré tìrẹ. Iṣẹ́ àwọn awò ńlá ni láti yẹ ìmọ́lẹ̀ tó gba inú afẹ́fẹ́ tó yí pílánẹ́ẹ̀tì ká kọjá wò, bí Hubble ṣe rí sódíọ̀mù lára èyí, tí James Webb sì rí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì lára pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, WASP-39 b, lọ́dún 2022. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ mọ àsìkò tí ìkọjá yóò bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ṣi àkókò ìyípo HD 209458 b wò, yóò ti yí ju ìgbà 1,000 lọ lẹ́yìn ọdún 10, àṣìṣe náà yóò sì ti ju ìṣẹ́jú 17 lọ. Ibẹ̀ ni àwa ti wúlò. Ètò ExoClock ń gba irú ìwọ̀n yìí lọ́wọ́ àwọn aláwò kékeré, ní ìmúrasílẹ̀ fún awò Ariel ti àwọn ará Yúróòpù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì tún aago kọ̀ǹpútà rẹ ṣe ní alẹ́ tí o bá fẹ́ ya àwòrán, torí pé aago tó bá fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀ ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.