Ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ́ kànga bá òkúta, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Òkè Ṣábẹ: Ẹ kú ilé o. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa ti bá akọ òkúta, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní Ṣábẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni òkúta dúdú kan, tí kò fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, tó gba àárín rẹ̀ kọjá tààrà bí ẹni fi òwú dúdú rán aṣọ. Mo fọ̀ ọ́ mọ́: etí rẹ̀ méjèèjì jọ̀lọ̀ bí ìgò, àárín rẹ̀ sì ní hóró wẹ́wẹ́ bíi gààrí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní akọ òkúta ti tutù, ó sì ti là, kí òkúta yíyọ́ mìíràn tó rú láti ìsàlẹ̀ wọ ibi tó là. Etí tó fara kan òkúta tútù dì lójijì, àárín nìkan ló rí àyè di hóró.

Ìyá Àjàṣẹ́: Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń yọ́?

Ọmọ Alákétu: Ẹ̀yin tiẹ̀ bá òkúta. Ní Kétu, a lè gbẹ́ títí kó sú wa, kí omi má yọjú.

Akọ́mọ: Ìyá, ní 1785, James Hutton, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, rí i ní Glen Tilt, ní Skọ́tíláǹdì, pé akọ òkúta pupa ya wọ inú òkúta mìíràn bí gbòǹgbò ṣe ń ya wọ ògiri. Ohun tó le gbagidi kò lè wọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi tó bá ṣàn wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Èmi tí mò ń se òrí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀ kó tutù díẹ̀díẹ̀ máa ń di hóró hóró, oníbàárà á ní ó ti bàjẹ́. Èyí tí mo bá gbé sínú omi tútù tí mo ń rò, á jọ̀lọ̀.

Ọmọ Alákétu: Bàbá mi ní òkè Ṣábẹ bú gbàù nígbà kan, ó sì tu iná.

Akọ́mọ: Kò bú rí. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta yíyọ́ tó di òkè yẹn dì sí, ó lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún sẹ́yìn, òjò àti afẹ́fẹ́ ló sì ṣí ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò títí ó fi yọrí. Pípẹ́ tó pẹ́ kó tó tutù ló jẹ́ kí hóró rẹ̀ tóbi. Ti kànga yìí dì níbi tó súnmọ́ ojú ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Alákétu: Bàbá mi ló wá purọ́ nìyẹn?

Ìyá Àjàṣẹ́: Ẹ fi bàbá sílẹ̀. Ṣé omi wà níbẹ̀?

Agbẹ́kànga: Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dí i. Ẹ̀gbẹ́ irú òkúta dúdú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń là, ibi tó là sì ni omi ń gbà. Mo ti pa ọ̀kan tì rí nítorí rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ lẹ́yìn mi kò gbẹ́ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ kó tó bá omi.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ: Ó ti ń sun láàárọ̀ yìí, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n agbẹ́kànga wa ní kí n san owó irin mẹ́ta tí òkúta dúdú náà bà jẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Agbẹ́kànga: Ẹ san án, ẹ̀gbọ́n.