Inverter oní-transistor: oscilloscope rí ìdádúró, LTspice kò rí i

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ya inverter oní-transistor kan (àyíká iná tí ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí èyí tó ń wọlé bá ga, tó sì máa ń ga bí ìyẹn bá lọ sílẹ̀) sínú LTspice, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàfarawé àyíká iná: iná 5 V, resistor 1 kΩ láàárín iná náà àti collector, resistor 10 kΩ níwájú base, emitter sì wà lórí ground (collector, base àti emitter ni ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta transistor). Bí ohun tó ń wọlé bá ti bọ́ láti 5 V sí 0 V, lójú ẹsẹ̀ ni ohun tó ń jáde máa ń gòkè nínú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ nígbà tí mo to ohun kan náà sórí breadboard pẹ̀lú 2N3904 (orúkọ irú transistor kan), oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń yí padà, fi hàn pé ó ń dúró díẹ̀ kí ó tó gòkè, bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Níbo ni ìyàtọ̀ yìí ti wá?

Èsì kìíní
Ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ transistor yín nínú àwòrán náà. Bí ó bá jẹ́ "NPN" lásán, iye tí SPICE (ètò tí LTspice dá lé) ń lò fún transistor tí a kò dárúkọ ni yóò lò: beta rẹ̀ (iye ìlọ́po tí kọ́rẹ́ńtì collector lè fi ju ti base lọ) jẹ́ 100, àmọ́ òdo ni TF, TR, CJE àti CJC, tí í ṣe àwọn iye tó ń sọ bí iná ṣe ń kóra jọ sínú transistor. Èyí tí kò kó nǹkan jọ kò ní ohun tí yóò dà nù kí ó tó pa. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì mú 2N3904. Ẹ kọ 5n sí ibi Trise àti Tfall (àkókò tí ohun tó ń wọlé fi ń gòkè àti èyí tó fi ń sọ̀ kalẹ̀) pẹ̀lú, torí pé bí ẹ bá kọ òdo síbẹ̀, LTspice yóò fi iye tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Èsì kejì
Òótọ́ ni ẹni tó ṣáájú sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀. Kọ́rẹ́ńtì tó ń wọ base yín tó 0.43 mA. Collector kò lè gbà ju 4.8 mA lọ nítorí resistor 1 kΩ, nítorí náà, bí beta bá jẹ́ 100, 0.048 mA péré ni base nílò. Nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ni ẹ ń fún un, àṣẹ́kù yẹn ló sì ń kóra jọ síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì tán, collector kò ní gbéra. Ohun tó ń fà á jáde kò sì lágbára: 0.7 V péré, gba inú 10 kΩ kọjá, ìyẹn 0.07 mA.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti mú 2N3904, ìdádúró náà sì ti hàn. Ṣé kí n kàn sọ 10 kΩ di 47 kΩ?

Èsì kejì
Ìdádúró á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn: bíi 0.09 mA ni base á máa gbà, transistor tí beta rẹ̀ bá sì kéré lè má lè fa collector sílẹ̀ tán. Ó sàn kí ẹ fi capacitor 100 pF sí ẹ̀gbẹ́ 10 kΩ náà, kí ó lè fa àṣẹ́kù jáde kíákíá. Ẹ sì lè fi diode Schottky sáàárín base àti collector, kí anode rẹ̀ (ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọ inú diode) wà lọ́wọ́ base, kí ó lè darí àṣẹ́kù náà sí collector, bí wọ́n ti ṣe nínú àwọn chip 74LS. Àmọ́ ohun tó ń jáde kò ní sọ̀ kalẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ dán méjèèjì wò pẹ̀lú àṣẹ .tran 0 4u 0 1n (1n ni ìgbésẹ̀ tó gùn jù tí ó lè gbé), kí LTspice má bàa fo ibi tí ẹ fẹ́ wò.