Ìbọn ìléwọ́ wo ló yẹ àpò ṣòkòtò? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onísọ́ọ̀bù Alief:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, ní Texas. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, mo sì ní gíríìn kaàdì. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mò ń tà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ la máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo sì ń gbé owó ọjọ́ lọ sí báńkì. Mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kékeré tí yóò máa wà nínú àpò ṣòkòtò. Ti ìbàdí ò bá mi lára mu: mò ń bẹ̀rẹ̀ gbé páálí iṣu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, aṣọ á sì ká sókè. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ṣòkòtò olókùn ni mò ń wọ̀, bẹ́líìtì ò ríbi gbà níbẹ̀.

Mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀: Ruger LCP MAX, Smith & Wesson 642, SIG P365. Owó mi ò ju dọ́là 450 lọ. Àtàǹpàkò mi máa ń ro mí. Ọmọ méjì wà nílé, ọ̀kan ọdún 9, èkejì ọdún 14. Èwo ni kí n mú? Ṣé mo lè jù ú sápò láìsí àkọ̀, nígbà tó kéré? Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ìlú níbí sì ní òun á fowó mi rà á lórúkọ òun, kí n má baà ṣe wàhálà ìwé. Ṣé kò burú?

Amòfin Katy:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọ̀rẹ́ yín kúrò nílẹ̀. Ẹ má dán an wò. Fọ́ọ̀mù 4473 tí wọ́n máa fún un kọ lẹ́nu káńtà bèèrè gbangba bóyá òun gan-an ló ń ra ìbọn náà fún ara rẹ̀. Bó bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ló pa fún ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀wọ̀n irọ́ yẹn lè tó ọdún 10; bó bá sì jẹ́ ẹni tí òfin dí lọ́nà ló rà á fún, òfin 2022 ti yà á sọ́tọ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán an náà ò ní bọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ ìbọn sì lè gbé oníkaàdì padà sílé.

Kò tiẹ̀ sídìí fún un. Àwọn tó wà lórí físà onígbà díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́, àlejò, ni òfin dí lọ́nà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba bíi ẹni tó ní ìwé ọdẹ. Oníkaàdì lè rà á lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ mú kaàdì yín lọ, àti ìwé ìwakọ̀ tó ní àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ ń gbé báyìí. Àdírẹ́sì ilé àtijọ́ ló ń lé èèyàn padà lẹ́nu káńtà jù.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ẹni ọdún 21 sókè tí òfin ò ká lọ́wọ́ ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, ẹ gba LTC, ìwé àṣẹ ìgbébọn Texas. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò ju wákàtí 4 sí 6, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ míì ló sì ń gbà á. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka pátákó ẹnu ọ̀nà: 30.05 ń lé ẹni tí kò ní LTC, 30.06 ń lé oní-LTC tó gbé tirẹ̀ pamọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí 51% lára pátákó, ilé ọtí ni lójú òfin, ẹ má wọlé. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ náà ńkọ́? Títí kan ibi tẹ́ ẹ ti ń lọ ṣe ìwé ìgbélùú, ìbọn ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn:
Àtàǹpàkò tó ń ro yín yẹn ló máa dá ẹjọ́ yìí, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ìbọn. 642 ni ẹ mú, ìbọn alágbàá yíyí ni. Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Ẹ ṣí àgbá rẹ̀, ẹ ki ọta márùn-ún sí i, ẹ pa á dé. Òòlù rẹ̀ wà nínú, kò yọ ìkọ́ tó lè kọ́ àpò nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́. Ó wúwo tó nǹkan bí áúǹsì 15 láìsí ọta. Bí ọta kan ò bá dún, ẹ kàn tún tírígà fà, òmíràn á yí dé iwájú.

Àmọ́ ó ní tirẹ̀. Tírígà rẹ̀ le, ó lè tó pọ́n-ùn 12, ẹni tí kò bá fi dánra wò á máa fa ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ bó ṣe ń fà á. Ọ̀pá tó ń ti èèpo ọta jáde kúrú, kì í tì í jáde tán. Ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gidi. Ẹni tó bá dojú ẹ̀ délẹ̀ nígbà tó ń tú u, ẹ̀tù tí kò jó tán á bọ́ sábẹ́ ìràwọ̀ tó ń ti èèpo jáde, àgbá ò sì ní lè pa dé mọ́. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi ìbọn mágínọ́ọ̀mù .357 tó fúyẹ́ tàn yín. Ó máa ń tapá débi tí ọta tó kù nínú àgbá á máa yọ kúrò lọ́rùn èèpo rẹ̀, á sì há àgbá pa. Fún ọwọ́ tó ń ro, .38 orí pẹrẹsẹ oní gíréènì 148 ni kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Olùkọ́ Réǹjì:
Mo bọ̀wọ̀ fún alágbẹ̀dẹ wa, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán. Tírígà pọ́n-ùn 12 fún ìka tó ń ro? Ọta mẹ́fà péré ni ọ̀pọ̀ á fi yìn ín kí wọ́n tó ní ó tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ìbọn ṣe ń fúyẹ́ ló ṣe ń tapá, bó ṣe ń tapá lẹni tó ni ín á ṣe máa sá fún réǹjì, pápá ìyìnbọn.

LCP MAX fẹ́ẹ̀ tó áúǹsì 10.6, ọta .380 mẹ́wàá ló wà nínú magasíìnì, ọ̀kan lórí ẹ̀. Bodyguard 2.0 tí Smith & Wesson gbé jáde ní 2024 jọ ọ́ gan-an, èmi á sì fi í kún ìwé yín nítorí pé ó tún rọrùn dì mú díẹ̀. Àwọn méjèèjì ní irú tó ní séfítì fún àtàǹpàkò. P365 dára, 9mm ni, mẹ́wàá àti ọ̀kan, ṣùgbọ́n áúǹsì 17.8 ni láìsí ọta. Tẹ́ ẹ bá kún un, ó ti kọjá 22, ṣòkòtò olókùn á máa bọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìbàdí ni ilé rẹ̀. Shield EZ rọrùn fà gan-an, àmọ́ ó gùn tó ínǹṣì 6.7, àpò ò gbà á.

Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ má fi ìka méjì já orí ìbọn, irin òkè tó ń sún, sẹ́yìn. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì dì í mú láti òkè, kẹ́ ẹ sún un mọ́ àyà, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìdí ìbọn síwájú. Títì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe fífà. Ọrùn ọwọ́ tó rọ̀ náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ìbọn nílò ohun tó le tí yóò ta lé, bí ọwọ́ bá bá a lọ sẹ́yìn, orí rẹ̀ ò ní dé òpin, èèpo ọta á sì dúró ṣánṣán lẹ́nu ihò. Ẹ lu ìdí magasíìnì, ẹ fà, ẹ máa bá a lọ.

Ẹ háyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní réǹjì kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ yin ọta igba, kí 50 nínú rẹ̀ jẹ́ irú tẹ́ ẹ máa gbé kiri gan-an. Bó bá há lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọta yẹn, ẹ pààrọ̀ ọta kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì máa ki ọta kan ṣoṣo wọlé, yọ ọ́, kì í, yọ ọ́ lójoojúmọ́. Orí rẹ̀ á máa wọnú èèpo, agbára ìbúgbàù inú rẹ̀ á sì kọjá bó ṣe yẹ.

Alágbẹ̀dẹ Ìbọn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àlòkù, LCP àkọ́kọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 370, Ruger ti pè é padà ní oṣù kẹwàá 2008 torí pé ó lè dún bó bá já bọ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Tẹ́lọ̀ Bissonnet:
Ẹ ti ń jà lórí ìbọn, ẹ ò tíì wo àpò. Láìsí àkọ̀? Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Kọ́kọ́rọ́ tàbí bíírò kan ṣoṣo tó bá wọ inú tírígà ti tó. Àkọ̀ àpò gbọ́dọ̀ bo ihò tírígà pátápátá, kó le débi tẹ́ ẹ ò fi lè ti ara rẹ̀ tẹ tírígà, kí ara rẹ̀ níta sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ kó lè dúró sínú àpò bí ìbọn bá ń jáde. DeSantis Nemesis jẹ́ ọ̀kan tí kò wọ́n. Àpò yẹn ti di ti ìbọn nìkan nìyẹn: fóònù, owó, ohun gbogbo, apá kejì.

Ní ti ìdápadà, ẹ má ki ìbọn sínú àkọ̀ tó wà nínú àpò. Ẹ yọ àkọ̀ síta, ẹ fi ìbọn sí i níwájú ojú yín, kẹ́ ẹ wá kó méjèèjì wọ àpò pọ̀.

Ìbọn òfo ni kẹ́ ẹ mú lọ dán ṣòkòtò wò. Ẹnu àpò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ tó dìbọn mú, kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ọwọ́ tó ki ara ẹ̀ bí ìkúùkù ló máa ń há. Ẹ gbé àtàǹpàkò sẹ́yìn orí ìbọn, ọwọ́ á tín-ín-rín, á sì jáde. Jíǹsì tó fún kò bójú mu, àmì ìbọn á hàn. Tẹ́ ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ de bẹ́líìtì, ẹ ò ní lè yọ nǹkan kan nínú àpò iwájú. Ọ̀nà báńkì ni tiyín, ẹ rò ó dáadáa.

Ní ti ṣòkòtò olókùn: àpò rẹ̀ wà lójú ìrán ẹ̀gbẹ́, àǹkárá àti gínnì tẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa jó fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá ń rìn. Ẹ ní kí tẹ́lọ̀ fi aṣọ tó nípọn ṣe inú àpò, kó jìn tó ínǹṣì 8, kó rán etí òkè rẹ̀ mọ́ ibi tí okùn gbà, kí ìwúwo má baà fa ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Òógùn Houston á dé ọ̀dọ̀ irin náà. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa nu lílẹ̀ owú kúrò, kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára.

Amòfin Katy:
Àwọn ọmọ ńkọ́? Òfin Texas ka a sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó ní ọta lò nítorí àìbìkítà yín. Àpótí irin kékeré oní nọ́ńbà, tẹ́ ẹ fi bóòtù kàn mọ́ ilẹ̀ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, ni ilé rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti wọlé. Inú ọkọ̀ kọ́.

Onísọ́ọ̀bù Alief:
Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti lé ọ̀rẹ́ mi. Máa háyà 642, LCP MAX àti Bodyguard 2.0 lọ́jọ́ Sátidé, máa sì yọ P365 kúrò. Ìbéèrè kan ló kù: tó bá jẹ́ agbádá ni mo wọ̀ ńkọ́? Ṣé mi ò lè fi í sí àpò agbádá níwájú àyà? Ó kúkú tóbi.

Tẹ́lọ̀ Bissonnet:
Ẹ má ṣe é. Àpò yẹn kò dì mọ́ra, ìbọn á máa jù síbí sọ́hùn-ún lórí àyà yín. Àpò ṣòkòtò náà ni kó wà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé pẹ̀lú ìbọn òfo, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ òsì ká apá agbádá àti etí bùbá sókè kí ọ̀tún tó wọlé. Agbádá kì í pẹ́ lára níbi ìnáwó. Bí ooru bá mú, ẹ ó bọ́ ọ, ẹ ó fi kọ́ àga, ẹ ó bọ́ síta lọ jó, ọmọ ọlọ́mọ á sì máa fi ẹnu àpò rẹ̀ ṣeré.