Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú yìí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìlọrin ni mo wà, èmi ni mo ń bójú tó gúrúùpù WhatsApp àwa tá a ń ta ata ní Ìpàtà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kókó lọ́mú, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì dùn ún, ló bá ń mu àgbo. Ìgbà tí mo máa mọ̀, òwú ló ń tẹ́ sínú kọ́mú torí omi tó ń jáde lórí ọmú. Ó ti ń gba ìtọ́jú báyìí ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kó tó lọ, ó dùn mí wọra, ojoojúmọ́ la jọ ń kíra lórí gúrúùpù yẹn o!

Mo wá ń sọ fún wọn pé kókó tí ò dunni gan-an ló yẹ ká tètè fi han dókítà, pé tí awọ ọmú bá ń rí bí èèpo ọsàn kí wọ́n má dúró. Mo fi fọ́tò kan sí i, Àlhájà kan ní kí n yọ ọ́ kíá torí ọkùnrin wà níbẹ̀, àwọn tó kù kàn ń kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i", ọ̀rọ̀ bá kú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú àwọn ọkùnrin pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ṣí gúrúùpù ti obìnrin nìkan ni, àbí kí n bẹ nọ́ọ̀sì kó máa fi fóìsì nóòtù bá wọn sọ̀rọ̀?