Ọgbọ́n agbo: ẹ sọ èyí tí ojú yín ti rí

Olóyin Òkè-Ògùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tèmi ni n ó fi ṣí i, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, agbo oyin kan bà sórí ẹ̀ka máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n rọ̀ dirodiro bí àpò gàrí. Ìyàwó mi ní kí n gbé kẹrosíìnì. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé kò nílé tó ń ṣọ́, kì í sábà ta èèyàn. Mo fi ìda pa inú àpótí òfìfo kan, mo gbé e sórí igi kejì, mo gbé àga jókòó, mò ń wò wọ́n.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ìyá oyin kì í ṣe ọba. Àárín agbo ló wà, kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn ayọ́lẹ̀wò díẹ̀, àwọn àgbà tó ti mọ ìgbẹ́ dáadáa, ló ń fò kiri wá ihò. Èyí tó bá rí ibì kan á padà wá jó lórí ẹ̀yìn àwọn yòókù: á sáré díẹ̀, á máa gbọn ìdí, á yí po, á tún sáré. Ìhà tó kọjú sí ń júwe ọ̀nà, oòrùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí gbígbọ̀n náà ṣe pẹ́ tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Karl von Frisch, onímọ̀ nípa ẹranko, ló tú àṣírí ijó yìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973. Thomas Seeley, olùwádìí oyin ní Amẹ́ríkà, náà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí wọ́n ṣe ń fi í yan ilé.

Ohun tó mú mi jókòó pẹ́ ni pé oyin kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Èyí tó bá wo ijó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ fò lọ fojú ara rẹ̀ wo ihò náà, kó tó wá jó tirẹ̀. Ibi tó bá dáa, ijó rẹ̀ á pẹ́. Ibi tí kò bá dáa, ijó rẹ̀ á tètè rọ. Àwọn tó ń polówó ihò mìíràn tiẹ̀ máa ń forí gbá oníjó pé kó sinmi. Bí àwọn tó pé sẹ́nu ihò kan bá ti tó 20 tàbí 30, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, gbogbo agbo á gbéra.

Àwọn ìpàdé àdúgbò tí mo ti jókòó sí, ẹ jẹ́ n má sọ.

Ìyá Ìbejì

Bàbá Olóyin, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé àpótí tiyín ni wọ́n wá wọ̀?

Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Àwa obìnrin da ẹ̀wà sínú ìgò ńlá kan. Ẹni tó bá fẹ́ á san igba náírà, á kọ iye ẹyọ tó rò pé ó wà níbẹ̀ sínú ìwé, á ju ìwé náà sínú agbọ̀n. Ẹnì kan kọ 300. Bàbá kan kọ 10,000, bóyá owó ni wọ́n ń rò. Nígbà tí mo délé, mo to ìwé náà láti orí èyí tó kéré jù, mo mú èyí tó bọ́ sáàárín gan-an: 2,150. Ẹ̀wà tí a kà jẹ́ 2,214. Nínú gbogbo wa, ẹni méjì péré ló sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó di ọdún kejì, alága ìkórè ní kí a má fi ìwé ṣòfò, kí kálukú pariwo tirẹ̀. Olórí akọrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní 800. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní 850, ẹnì kẹta ní 780, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó wo ìgò mọ́, ojú olórí akọrin ni wọ́n ń wò. Ẹ̀wà ọ̀hún sì lé ní 2,000. Ìjọ kan náà o!

Tíṣà Ìṣirò

Ẹ̀yin ìyá, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣe ìwádìí irú èyí tó wáyé ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1906. Wọ́n ní kí èrò tó wá wo ẹran ọ̀sìn sọ bí màlúù kan yóò ṣe wúwo tó lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un ṣe. Ìwé 787 ló rí lò. Èyí tó bọ́ sáàárín jẹ́ pọ́ùn 1,207, màlúù sì wọn 1,198. Alápatà àti àgbẹ̀ wà lára wọn, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Kì í ṣe ẹni tí kò rí màlúù rí ni gbogbo wọn.

Ọmọ Òṣogbo L'ókè Òkun

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Oyin ṣì ní ọpọlọ, bó ti wù kó kéré mọ. Physarum tí a tọ́ ní yàrá ìwádìí wa níbí kò ní rárá. Kiní yẹ́lò kan ni, tó máa ń fà lórí igi tó ń jẹrà, ó rí bí ẹyin tí wọ́n pò dà sílẹ̀. Lọ́dún 2000, Toshiyuki Nakagaki àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà méjì nínú ilé kékeré kan tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ kiri. Kiní yìí kó ara rẹ̀ kúrò ní gbogbo kọ̀rọ̀ tí kò já síbì kan, ó kù sórí ọ̀nà tó kúrú jù. Lọ́dún 2010, wọ́n to ọ́ọ̀tì, oúnjẹ rẹ̀, bí àwọn ìlú tó yí Tokyo ká ṣe wà, okùn tó ta sì jọ ojú irin wọn.

Èmi náà to tèmi: Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo. Ó tò wọ́n tẹ̀ léra bí ojú irin àtijọ́ gẹ́lẹ́, mo yọ̀! Mo wá gbàgbé láti wọ́n omi sí i, ó gbẹ, ó le páá. Mo ti ń ro ẹjọ́ tí n ó rò. Ọ̀gá wa kàn wọ́n omi sí i, nígbà tó yá ó jí, ó tún ń rìn.

Àgbẹ̀ Aládìyẹ

Ẹ̀ ń yin agbo. Ẹ wá bi mí léèrè ìjàlọ. Lóru ọjọ́ kan wọ́n wọ ilé adìyẹ mi, nígbà tí màá fi débẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ìyẹ́ ló kù. Ìjàlọ ò ríran, òórùn ẹni iwájú ni wọ́n ń tọ̀. Bí òórùn náà bá wá yí po ńkọ́? William Beebe, onímọ̀ nípa ẹranko, rí i lára àwọn ìbátan wọn ní Guyana: ìlà wọn bá ìdí ara rẹ̀, ó di òbìrí tó tó nǹkan bíi 365 mítà yí ká. Èèrà kan á fi wákàtí méjì ààbọ̀ rìn ín yí po. Wọ́n rìn títí ọ̀pọ̀ wọn fi kú.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìgbà Ebola. Fóònù mi dún lóru, àǹtí mi ni. Wọ́n ní kí n dìde, kí n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu díẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní gbogbo èèyàn ni. Mo pe ẹni tó pè wọ́n, òun náà ní gbogbo èèyàn ni. N ò bá ẹnì kan ṣoṣo pàdé tó ti lọ wo ihò náà fúnra rẹ̀. Ìjọba padà sọ pé irọ́ ni, àwọn kan ti mu ún dèrò ilé ìwòsàn.

Mo wẹ̀ o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọmọ náà wẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Àwa náà wẹ̀ 😂 Bàbá Olóyin, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Olóyin Òkè-Ògùn

Ẹ má bínú, ìyá wa. Wọn ò wọ àpótí mi. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbéra, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i, wọ́n sì wọ inú sípíkà ńlá kan tó ti bàjẹ́, tí aládùúgbò wa kan gbé sókè àjà ìta. Inú bí mi díẹ̀. Nígbà tó ṣú, mo gbé àkàbà lọ yọjú wò ó: ẹnu rẹ̀ há, inú rẹ̀ gbẹ, òjò ò lè dé ibẹ̀. Àpótí tèmi ń jò, n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.