Létúùsì ò hù, èyí tó hù sì ń ṣubú: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo gbin létúùsì, kárọ́ọ̀tì àti tòmátò sínú tíréè kan náà, mo sì rì wọ́n tó oríkèé ìka kan. Ọjọ́ 12 rèé. Tòmátò hù, àmọ́ ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tẹ̀ síhà fèrèsé. Létúùsì mẹ́rin péré ló yọ, méjì ti ṣubú, ìdí wọn tín-ín-rín bí òwú. Kárọ́ọ̀tì ò yọjú rárá. Inú ilé níbi tó móoru ni tíréè wà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń bomi rin ín. Ṣé irúgbìn ni ò dáa ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹlẹ́bè
Ẹ má tíì dá irúgbìn lẹ́bi. Ẹ rì í jù ni. Irúgbìn létúùsì kéré, oúnjẹ inú rẹ̀ ò tó kó fi ti erùpẹ̀ tó nípọn kọjá, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. Ẹ fọ́n ọn sórí erùpẹ̀ tó ti rin, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá wọ́n erùpẹ̀ kíkúnná lé e fẹ́ẹ́rẹ́, kó má ju mìlímítà 3 lọ. Tòmátò lè gba 6 sí 10.

Ooru náà wà ńbẹ̀. Létúùsì máa ń hù dáadáa bí erùpẹ̀ bá wà láàárín ìwọ̀n Celsius 15 sí 20. Tó bá ti ń gbóná kọjá 27, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á kàn sùn: kò kú, kò sì hù. Tòmátò ní tirẹ̀ ń fẹ́ 21 sí 27, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè jọ gbé tíréè kan. Bí ooru bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ fi irúgbìn létúùsì sáàárín bébà tó rin, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 2 sí 3 (kì í ṣe fìrísà o), kẹ́ ẹ tó gbìn ín sí ibòji nírọ̀lẹ́.

Ìyá Ewébẹ̀
Àrùn ló mú àwọn tó ṣubú yẹn. Àwọn olú tín-ín-tìn-ín inú erùpẹ̀, tí ojú ò lè rí, ló ń jẹ ìdí wọn. Omi àpọ̀jù, àìsí atẹ́gùn àti fífún mọ́ra ló ń fún wọn láyè. Èyí tó ti ṣubú ò ní dìde mọ́. Ẹ yọ ọ́ tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ má bomi rin ín torí pé ilẹ̀ mọ́: ẹ fọwọ́ kan ojú erùpẹ̀, ìgbà tó bá ń gbẹ ni kẹ́ ẹ gbé tíréè oníhò sínú abọ́ omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó fa omi láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e jáde lẹ́yìn náà, kí omi tó ṣẹ́kù kán dànù. Ẹ fi ọṣẹ fọ tíréè kẹ́ ẹ tó tún un lò.

Àìtó ìmọ́lẹ̀ ló na tòmátò. Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ kì í ṣe ewé gidi. Tí ewé gidi méjì bá ti jáde lókè wọn, ẹ kó o sínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ rì í dé abẹ́ ewé àkọ́yọ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á ta gbòǹgbò. Ẹ má dán ìyẹn wò pẹ̀lú létúùsì: bí ẹ bá fi erùpẹ̀ bo ọkàn rẹ̀, ìyẹn àárín tí ewé tuntun ti ń yọ, ó máa jẹrà.

Àgbẹ̀ Ìrọ̀lẹ́
Kárọ́ọ̀tì ò yẹ ní tíréè. Tí a bá ti ṣí i nídìí, gbòǹgbò rẹ̀ á la ẹsẹ̀ tàbí kó wọ́. Ẹ tú ebè jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbìn ín síbẹ̀ tààrà, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 1. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kó tó hù, ojú ebè ò sì gbọdọ̀ gbẹ títí dìgbà yẹn. Ẹ tẹ́ àpò tó rin lé e. Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá yọ ni kẹ́ ẹ ká a kúrò.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìgbà wo wá ni létúùsì lè bọ́ sí ebè?

Ẹlẹ́bè
Tó bá ti ní ewé gidi 4, bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 5. Ẹ kọ́kọ́ máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, torí oòrùn ọ̀sán á jó ewé tí ò jáde síta rí. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 ni kó wà láàárín wọn. Ewé ìta ni kẹ́ ẹ máa ká, ẹ fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fọ́n irúgbìn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí igi àárín bá ti ń ga, òdòdó ló fẹ́ yọ, ewé á sì korò. Ẹ fà á tu, kẹ́ ẹ fi àyè rẹ̀ gbin òmíràn.