Àlejò dé sí Òṣogbo: níbo ni ẹ mú un lọ, kí ni ó sì jẹ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ kú àsìkò yìí o. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ láti Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ méjì péré ni yóò sì lò. Nígbà tí mo gbàlejò kẹ́yìn, ilé oúnjẹ kan tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni mo mú wọn lọ, ìrẹsì tó ti tutù ni wọ́n gbé fún wa, owó tí mo san sì tó jẹ iyán fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò fẹ́ kí ojú tún tì mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìrírí tiyín.

Àjọkẹ́ Òkè-Fìà: Igbó Ọ̀ṣun ni mo mú ọ̀gá mi obìnrin lọ. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé ohun jíjẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò lè fi ebi rìn. A kò tíì jìnnà sí ẹnubodè tí ọ̀bọ kan fi sọ̀ kalẹ̀, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ kí wọn, ó já ọ̀rá ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì padà sórí ẹ̀ka, níbi tó ti ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì ń ju èèpo rẹ̀ lù wá. Gbogbo ère tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó obìnrin ará Austria) àti àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ fi símẹ́ǹtì mọ síbẹ̀, ọ̀gá mi kò rántí ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ni wọ́n gbé délé.

Kòròpe Ọláìyá: Owó ìwọlé ni ọ̀bọ yẹn gbà.

Alàgbà Ọjà Ọba: Ọ̀bọ yẹn náà ló gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Mo mọ̀ ọ́n.

Àjọkẹ́ Òkè-Fìà: Bàbá, ṣé ẹ fi àmì sí i lára ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀bọ sílẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àlejò mi bu omi odò Ọ̀ṣun sínú kéègì, ó ní òun yóò mu ún. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti ń da odò rú lápá Iléṣà ni omi náà ti pọ́n bí amọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá sì ti kìlọ̀ pé kí a má mu ún.

Ọmọ Yèyé: Ìyá mi fi omi yẹn tọ́ mi dàgbà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ awakùsà bo ọlá Yèyé Ọ̀ṣun mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì: N kò bú Yèyé o, ọmọ mi. Ẹni tó ba omi rẹ̀ jẹ́ ni mò ń bá wí. Igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàrin ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, a kì bá má rí irú omi bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Yèyé: Níbi yẹn, ẹnu wa kò.

Aláró: Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ilé Àdùnní ní òpópónà Ìbòkun, bẹ́ẹ̀ obìnrin ará Austria yẹn gbé ìlú wa títí ó fi kú ní ọdún 2009. Láti ibẹ̀, ẹ mú àlejò lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í gba aró, ìyẹn ni iṣẹ́ ọnà ṣe ń jáde. Èékánná àlejò mi dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé ó ní dandan ni kí òun fọwọ́ kan ìkòkò. Òṣogbo ìlú aró ni, kò sì yẹ kí ènìyàn lọ láìfọwọ́ kan aró.

Kòròpe Ọláìyá: Ẹ dúró di oṣù Kẹjọ, kí ó lè rí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò níbi ọdún Ọ̀ṣun.

Aláró: Mo gbìyànjú rẹ̀. Ìpàkọ́ àwọn ènìyàn ni àlejò mi rí.

Alàgbà Ọjà Ọba: Oúnjẹ ńkọ́? Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni kí ẹ fún un.

Àjọkẹ́ Òkè-Fìà: Àmàlà kún Èkó, bàbá. Iyán ni kí ó jẹ, ní ibi tí a ti ń gbọ́ ìró odó láti ìta, kí wọ́n sì gbé e wá nínú ewé nígbà tí ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Kí wọ́n tètè lọ, nítorí pé tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, odó ti dákẹ́.

Alàgbà Ọjà Ọba: Ìjẹ̀ṣà ló ni iyán.

Àjọkẹ́ Òkè-Fìà: Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, bàbá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pinnu pé Ìbòkun ni àárọ̀, iyán ni ọ̀sán, igbó sì ni ọjọ́ kejì, láìgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni, ó ní òun kì í jẹ òkèlè, ìrẹsì nìkan ni òun ń jẹ.

Kòròpe Ọláìyá: Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lé e lọ́wọ́.